Ẹgbẹ́ Vincent de Paul: báwo lẹ ṣe ń rí i pé ìrànlọ́wọ́ dé ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa gan-an?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ àánú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí ní akọ̀wé kọ́ńfáráǹsì, ìyẹn ẹ̀ka, Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ (SVP), ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tó ń ran tálákà lọ́wọ́, ní páríìsì wa ní Ìbàdàn. Àwa 14 ni. Ibi mẹ́ta lowó wa ti ń wá: àpò ìkọ̀kọ̀ tí à ń gbé káàkiri nípàdé, àpótí Àntóní Mímọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àti ohun tí àwọn ará ìjọ bá mú wá nígbà ìkórè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ ni pé wọ́n á tọ́jú owó láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kejìlá, wọ́n á fi ra ìrẹsì, wọ́n á kéde rẹ̀ lẹ́yìn Mísà, èrò á sì tò sí iwájú ilé Fadá. Ẹni tó bá lágbára láti tò ló ń rí i gbà. Arúgbó tí kò lè dìde nílẹ̀ kì í rí nǹkan kan.

Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kí ẹ ràn lọ́wọ́? Ṣé owó lẹ ń fún wọn, àbí oúnjẹ? Bí ẹnì kan bá gbé bílì ọsibítù wá ńkọ́? Ìyá àgbà mùsùlùmí kan sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní owó ìjọ ò yẹ kó lọ síbẹ̀. Àlàyé tó kún ni mo ń wá, torí ọ̀rọ̀ yìí la máa jókòó lé lórí nípàdé tó ń bọ̀.

Ẹsẹ̀Méjì

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí kò gba àríyànjiyàn. Ìlànà SVP kárí ayé sọ ọ́ kedere pé ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọ́dọ̀ dí ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ má fi oúnjẹ fa ẹnikẹ́ni wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú ilé oníle láìtọrọ àyè. Bó bá jẹ́ ìgbà àwẹ̀, àárọ̀ tàbí ọ̀sán ni kí ẹ gbé nǹkan lọ, kí ó lè tó sè kí wọ́n tó ṣínu.

Ní ti bí a ṣe ń mọ ẹni tó yẹ, ilé rẹ̀ ni ẹ máa lọ. Bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1833, Sístà Rosalie Rendu ló mú wọn mọ ọ̀nà ilé àwọn tálákà ní àdúgbò Mouffetard. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa gbé dání.

Èèyàn méjì ló ń lọ, kì í dín. Bó bá jẹ́ ilé opó, kí obìnrin wà nínú àwọn méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọdé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ, ẹ má sì lẹ bájì mọ́ àyà. Kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ kí gbogbo agbo ilé máa sọ pé àwọn SVP ti gbé gaàrí wá fún òun. Bí ẹ bá ní nǹkan lọ́wọ́, báàgì ọjà lásán ni kí ẹ fi gbé e.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ má ṣèlérí kankan, ẹ má sì yọ fọ́ọ̀mù àti bírò jáde. Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Bí ẹ bá ti jáde sí ìta tán ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá bi àgbà Yorùbá pé "Ṣé ebi ń pa yín?", "A dúpẹ́" ló máa fi dá yín lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. Ẹ bi í pé "Kí lẹ fi jẹun lánàá?" Dípò "Ọmọ mélòó lẹ bí?", ẹ bèèrè pé "Èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò yìí?", torí ọmọ-ọmọ, ọmọ àna àti ọmọ ọ̀rẹ́ tó ti kú lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́, ìgbà tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, àti oṣù tí owó ilé máa pé.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín náà ṣiṣẹ́. Ẹ wo ààrò: ṣé eérú tuntun wà níbẹ̀, àbí aláǹtakùn ti ta sáàárín adógán? Ẹ wo páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n rà á tí ó sì ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ, wọ́n ń fo ọjọ́ nìyẹn, kí oògùn lè pẹ́. Ẹ wo bàtà ọmọ ilé ìwé. Ẹ gbójú sókè wo àjà bóyá òjò ń jò.

Ẹ gbé ìròyìn lọ sípàdé, ibẹ̀ la ti ń pinnu. Ìpàdé yẹ kó máa wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì síra. Ẹ má kọ orúkọ ìdílé sínú ìwé ìpàdé. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ, "ìdílé 7," "ìdílé 12," kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin akọ̀wé àti ààrẹ nìkan. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú jù: ìwé ìpàdé á dúró lórí tábìlì, ẹnìkan á ṣí i, ó di ọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ̀yin 14, ìyẹn méjì-méjì ọ̀nà 7. Ìdílé 3 ni kí ẹ fún àwọn méjì kọ̀ọ̀kan, 21 lápapọ̀, kí wọ́n sì máa dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ wò: ẹni tó ti rí iṣẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi owó ránṣẹ́, kí ó bọ́ sí ẹ̀yìn kí ẹlòmíràn lè wọlé. Bí àkọsílẹ̀ kì í bá dín, ọdún kejì ni ilẹ̀kùn máa tì pa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú wàhálà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan mọ̀lẹ́bí ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹni náà bọ́ síta kí àwọn tó kù pinnu.

NọọsìÀgbègbè

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Méjì. Oúnjẹ ni tèmi.

Àpò ìrẹsì 50 kg, bí ẹ bá dì í ní 2.5 kg, ìdílé 20 ló máa kàn. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má fi kóńgò wọ̀n ọ́n, torí kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì nìkan kò dá oúnjẹ ṣe. Mo fara mọ́ kí ìrẹsì dín kí ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, epo pupa àti iyọ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tí ẹ ń gbé e fún. Ẹ̀wà tó ń gbà tó wákàtí kan àbọ̀ lórí iná jẹ́ ìnira fún ìyá àgbà tí kò ní owó èédú. Ẹ bá a lọ̀ ọ́ kó fi ṣe ẹ̀kuru tàbí gbẹ̀gìrì, tàbí kí ẹ fún un ní ẹ̀lùbọ́. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, ẹ má di gaàrí rẹpẹtẹ fún un. Nígbà òjò, ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò kan ṣoṣo tí òórùn kẹ́míkà sì ń ta síni nímú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí i.

Níbi tí ọmọ kékeré bá wà, ẹ ní téèpù apá lọ́wọ́, èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ni a ń lò ó fún. Apá òsì ni: ẹ wá àárín gbùngbùn láti téńté èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, kí ọmọ na apá rẹ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ wá fi téèpù yí i ká, kó má fún, kó má sì dẹ̀. Bó bá dín ní 11.5 cm, pupa nìyẹn, ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu. Láti 11.5 dé 12.5 jẹ́ yẹ́lò, ìyẹn ni pé oúnjẹ kò tó o. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jin wọlé tí kò padà, ọsibítù lọ́jọ́ náà, bí apá rẹ̀ tilẹ̀ tóbi. Àwọn òbí á ní ọmọ "sanra lẹ́sẹ̀", omi ni.

Fún ọmọ tó wà ní yẹ́lò, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ògì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tom Brown. Àjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà Amẹ́ríkà, Catholic Relief Services, ti fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí ìyà oúnjẹ ń jẹ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6, 3, 1: ìwọ̀n 6 àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ìwọ̀n 3 ẹ̀wà sóyà, ìwọ̀n 1 ẹ̀pà. Ẹ ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀pà tó hu èbu tàbí tó ti rọ, ẹ dà á nù, ẹ má yọ apá tó burú kúrò lára rẹ̀, torí májèlé èbu náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á. Ẹ fọ àgbàdo àti sóyà, ẹ sá wọn kí wọ́n gbẹ táú, ẹ wá yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí wọn kì í jinná pọ̀. Sóyà ni ẹ máa ṣọ́ jù: kó máa dún pàpà, kí èèpo rẹ̀ là, kí inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Sóyà tí kò jinná ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ara lo oúnjẹ, inú á sì máa yọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀pà, yíyan díẹ̀ tó o; ẹ ra èèpo rẹ̀ dànù.

Níbi ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan nu inú ẹ̀rọ, kí ẹ da ìyẹn nù, torí ata ni wọ́n ti ń lọ̀ láti àárọ̀. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun náà kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Èyí ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́: wọ́n ń dì í gbígbóná, ooru á di omi nínú náílọ́ọ̀nù, èbu á yọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe ju èyí tí wọ́n máa jẹ lọ́sẹ̀ méjì, torí òróró inú ẹ̀pà ń mú kó kan. Tí wọ́n bá fẹ́ sè é, kí wọ́n fi omi tútù pò ó kó má ní kókó, kí wọ́n dà á sínú omi tó ń hó, kí wọ́n máa rò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní pupa ti kọjá Tom Brown, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan. Ìyá ni kí ẹ bọ́.

AkápòÀgbà

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Kí n bọ́ sórí owó.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé bílì ọsibítù wá, ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́, ẹ má sì san án sínú àkáǹtì mọ̀lẹ́bí. Kí àwọn méjì lọ wo aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, kí ẹ lọ sí ibi ìṣirò owó kí wọ́n tẹ bílì tuntun jáde níwájú yín, torí bílì tí wọ́n yà ní fọ́tò lè ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì lè ti san lára rẹ̀. Ẹ dé ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn aláìsàn. Àwọn ọsibítù ńlá, irú UCH, ní wọn. Àwọn ló lè bá yín sọ pé kí wọ́n dín bílì kù tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa san díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa san ìpín tiyín lọ́dọ̀ káṣíà, lórúkọ aláìsàn, kí rìsíìtì sì wọ fáìlì ẹgbẹ́. Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀ padà sílé àti oògùn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ìyẹn ò bá sí, aláìsàn á padà sórí bẹ́ẹ̀dì, owó tí ẹ san á sì ṣòfò.

Ohun tó ń dùn mí nípa iṣẹ́ wa ni pé ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ la máa ń rí owó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣooṣù fún ìyá kan kò tó nǹkan kan lára bílì àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ yọ apá kan lára owó yín sọ́tọ̀ fún oògùn oṣooṣù àwọn àgbà tó wà nínú ìwé yín, kí ẹ máa rà á ní ilé oògùn kan tí ẹ mọ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ san owó ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún: OYSHIA nìyẹn lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́, Èkó sì ní Ìlera Èkó. Ẹ bá wọn lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì rí i pé ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn kò jìnnà sí ilé, torí ìyá tó máa wọ ọkọ̀ méjì kò ní lọ.

Owó ilé, ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù ni ẹ máa san án sí, pẹ̀lú rìsíìtì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè báwo ni ti ìgbà mìíràn ṣe máa rí. Bí owó tó ń wọlé kò bá lè san owó ilé yẹn láé, yàrá kékeré ni kí ẹ bá wọn wá.

Okòwò ńkọ́? Ẹ ran ẹni tó ń ṣòwò kan bọ̀ lọ́wọ́ pé kó padà sẹ́nu rẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà kí ọkọ rẹ̀ tó kú mọ iye ẹ̀wà tó ń tà tán láàárọ̀; agbada, àdògán, ẹ̀wà, òróró, ata àti èédú ọjọ́ mẹ́ta ló nílò. Ẹ ra àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tí ẹ bá fún ní okòwò tí kò ṣe rí, oṣù kejì ló máa jẹ owó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí gbèsè owó ilé tàbí owó ilé ìwé wà lọ́rùn rẹ̀: ìyẹn ló máa kọ́kọ́ gbé owó òwò lọ. Ẹ mú gbèsè yẹn kúrò ná. Kó sì máa dá àjọ ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ aláájọ tí àdúgbò mọ̀, torí owó ẹ̀wà ọ̀la kò gbọ́dọ̀ sùn sílé.

Ìkẹyìn tèmi: ẹ má tọ́jú owó títí di oṣù Kejìlá mọ́. Ìlànà ẹgbẹ́ kò fẹ́ ká máa to owó tálákà jọ. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe ń wọ́n, owó tó ra àpò kan ní oṣù Kẹta kì í rà á mọ́ ní Kérésì. Nínú ètò ìnáwó yín, ẹ kọ ọ́ ní ìwọ̀n, ìrẹsì kílò mélòó, epo ìgò mélòó, kí ẹ wá fi iye ọjà oṣù náà ṣe ìṣirò.

Ọ̀dọ́VdP

Ẹ forí jì mí, bàbá Akápò, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí ọsibítù àti owó ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má ṣe òfin pé wọn kì í fúnni lówó rárá. Ẹni tó ní orí pípé tó sì ń gbé nítòsí ọjà mọ ohun tó tán nílé ju wa lọ. Ìyá tó nílò owó páàdì fún àwọn ọmọ obìnrin rẹ̀ méjì kò ní sọ ọ́ fún ọkùnrin méjì tó wá kí i. Ẹ lè bá ìyá ọlọ́jà kan ládùúgbò ṣe àdéhùn: ìwé pélébé tí ẹ fi sìtáǹbù ẹgbẹ́ lù, iye tó wà lórí rẹ̀, kó lọ mú ohun tó bá fẹ́, kí ẹ wá san owó fún ọlọ́jà ní ìparí oṣù. Sístà Rosalie náà fún àwọn Ozanam ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìdílé fi ń gba búrẹ́dì. Kí ọlọ́jà má sọ ẹni tó mú ìwé wá, kó sì má ta bíà àti sìgá lé e. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹ̀lé-n-tẹ̀lé sára ìwé náà, torí wọ́n lè fi fọ́tókọ́pì ṣe ayédèrú rẹ̀.

AkápòÀgbà

Ọ̀rọ̀ páàdì yẹn tọ́. Mo gbà.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ló kù. Ààrẹ wa fẹ́ ká máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ká sì máa san owó ìtanràn fún àwọn tí kò rí i san. Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Àti pé àwọn èrò tó ti mọ́ lára láti wá ní oṣù Kejìlá, kí la máa ṣe sí wọn?

ÌdájọÒdodo

Ọgbà ẹ̀wọ̀n gba sùúrù o. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà, kí Fadá fọwọ́ sí i, kí ó ní orúkọ àwọn tó ń bọ̀, ọjọ́, àti ohun tí ẹ máa kó wá. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà wọlé kí ẹ tó ra nǹkan. Ọṣẹ, páàsìtì, sílípáàsì, páàdì fún àwọn obìnrin àti ìpara èkúrú ni wọ́n sábà máa ń nílò jù. Èkúrú kì í lọ bó bá jẹ́ ẹnì kan nínú yàrá nìkan ló lo oògùn; ẹ bá nọ́ọ̀sì ọgbà sọ̀rọ̀ kí gbogbo yàrá jọ lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti owó ìtanràn, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn àwọn ẹlẹ́wọ̀n fún yín ní àkọsílẹ̀ àwọn tí adájọ́ fún láàyè láti san owó dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹ wo wáráǹtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ẹnu gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bóyá ó ní ẹjọ́ mìíràn níbòmíràn. Bó bá ní, ẹ san owó tán, kò sì ní jáde. Ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi ni ẹ máa lọ, kí wọ́n sọ bí ẹ ó ṣe san án sínú àkáǹtì ìjọba, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì gbé ìwé ìdásílẹ̀ padà lọ sí ọgbà. Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ má bá a lẹ́nu géètì láìsí ọkọ̀. Kí ẹ ti pe ìdílé rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, ṣòkòtò kan àti owó ọkọ̀ dání. Ẹni tó bá jáde tí kò ní ibi tó ń lọ tètè ń padà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ọgbà kò tíì gba ìdájọ́ rárá, wọ́n ń dúró ni. Ẹ gbé orúkọ àwọn yẹn fún JDPC ti dáyósíìsì yín, ìyẹn ẹ̀ka ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà. Bí kò bá sí lọ́yà níbẹ̀, Legal Aid Council, àjọ ìjọba, ń ṣojú lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ẹjọ́, nínú ẹ̀sùn ọ̀daràn pàápàá, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ lọ. Òfin rẹ̀ ti ọdún 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, òfin ní béèlì kì í ṣe títà. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà sì ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Kí ẹgbẹ́ má fi owó àpótí tálákà san béèlì. Lọ́yà ni kí ẹ pè.

Ẹsẹ̀Méjì

Kí n dáhùn ti oṣù Kejìlá. Ẹ rántí Kérésì 2024. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Baṣọ̀run níbí ní Ìbàdàn, níbi àjọ̀dún ọmọdé. Ọjọ́ 21, ó kéré tán èèyàn 10 kú ní Maitama, Àbújá, nínú ọgbà ilé ìjọsìn Àgùdà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣètò kò láàánú. Ebi pọ̀, ìkéde ti lọ jìnnà, ẹnu ọ̀nà sì ṣe tóóró.

Nítorí náà, ẹ má kéde oúnjẹ lórí pẹpẹ mọ́. Ìdílé 21 yín, ilé ni ẹ máa gbé e lọ bá wọn. Fún àwọn tó kù, ẹ mú oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá fi kọ orúkọ ní ìbùdó kọ̀ọ̀kan nínú páríìsì, nípasẹ̀ àwọn olórí ibẹ̀. Kí káàdì ní nọ́ńbà, ọjọ́ àti wákàtí. Ọgbọ̀n èèyàn ní wákàtí kan tó, kí ẹ sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀nà ìwọlé lọ́tọ̀, ọ̀nà àbájáde lọ́tọ̀, géètì ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ẹrù ti wà ní dídì ṣáájú. Ìgbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n lójú èrò ni títari ń bẹ̀rẹ̀. Àga fún arúgbó àti aboyún lábẹ́ ìbòòji. Ẹni tó bá wá láìní káàdì, ẹ kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé ilé rẹ̀, kí ẹ sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Vincent Mímọ́, Ọjọ́ Àwọn Tálákà Lágbàáyé tí Pópù Francis dá sílẹ̀ sì máa ń bọ́ sí oṣù Kọkànlá. Ẹ lo ọjọ́ méjèèjì fi gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ, pàápàá oògùn àti ẹ̀wà, kó lè wà nílẹ̀ kí ọjà tó gbówó lórí. Ìyá àgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìdílé 1. Kí màmá kan wà nínú àwọn méjì tó máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì mú téèpù apá dání nítorí àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn.